Ebè Tí A Kọ Fún Bọ̀dá Dáre

Bí mo bá ti rántí ọdún yẹn, àárẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe ẹkún, kì í ṣe ìbẹ̀rù, àárẹ̀ ni. Ó rẹ bàbá mi, ó rẹ ìyá mi, ó rẹ àwọn ọkùnrin ilé wa tó ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń wọ́ ọkọ́ nílẹ̀, kódà ewúrẹ́ tó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jọ ẹni tó rẹ̀ lójú mi. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò sì mọ̀ pé irọ́ máa ń wúwo, pé odindi ilé lè gbé irọ́ kan títí èjìká á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Mo ti di arúgbó báyìí. Orúnkún mi ló ń jí mi láàárọ̀ dípò àkùkọ, tí mo bá sì jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn tí mò ń fi ọwọ́ ra á, ilé wa ní Kàbà ni mo máa ń lọ, ilé tí kò sí mọ́, tí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn sí ojú rẹ̀.

Ilé wa fẹ̀yìn ti òkúta. Bí òjò bá rọ̀, omi á máa ṣàn láti orí àpáta náà gba ẹ̀yìnkùlé, àwa ọmọdé á sì gbé ìkòkò àti agbada síta. Òwúrọ̀ wa kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ìgbálẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà odó, lẹ́yìn náà ìró òfì Ìyé. Ìyé ni àwa Yorùbá Okun máa ń pe ìyá, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé wa, ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ náà wà fún láìfi ohunkóhun kún un, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi. Òfì rẹ̀ fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ga tó àjà, á sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa fi pákó lu òwú wálẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Àwa ọmọ ilé mọ inú rẹ̀ láti ibẹ̀. Tí ó bá ń lù ú geere, a lè lọ tọrọ ẹ̀pà. Tí ó bá ń lù ú bí ẹni tó ń na ọmọ aláìgbọràn, kí oníkálukú yáa wá iṣẹ́ ṣe.

Ẹni tí ń pàṣẹ nínú agbo ilé ni Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyé tó ti kú. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó ní ojú kan tó máa ń ṣomi, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó fi ń yanjú gbogbo nǹkan: "Ẹ jẹ́ kó rọra." Bí ìyàwó bá ń jà, ẹ jẹ́ kó rọra. Bí iṣu bá jóná, ẹ jẹ́ kó rọra. A ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí àwa ọmọdé fi ń fi í ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, a ó fún ojú kan pọ̀, a ó sì máa wí i fún adìyẹ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yẹn ló máa kó wa sínú ohun tó kó wa sí.

Bọ̀dá Dáre ni àbígbẹ̀yìn Ìyé. Àárín òun àti bàbá mi jìn, nítorí pé àwọn ọmọ mìíràn wà láàárín wọn tí wọn ò dúró. Ìyé kì í dárúkọ àwọn yẹn. Dáre ló kù, òun ló sì gbà láàyè láti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ó lè jẹun nínú abọ́ rẹ̀, ó lè tú gèlè lórí rẹ̀ kó sì sá lọ, ó lè pè é ní "ọmọge." Nígbà tó wọ iṣẹ́ sójà tí wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná, Ìyé ò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, òfì rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wálé fún ìsinmi, ó wọ bàtà tó dún lórí òkúta bí ìgbà tí ènìyàn ń gún nǹkan, ó kó àwa ọmọdé jọ sí ojúde, ó ń kọ́ wa ní ìrìn sójà, ó sì ń fi èdè Hausa bú wa, a sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń wí. Ó bu ṣúgà sínú ẹ̀kọ Ìyé. Ìyé tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó ní nǹkan àwọn ọmọ ọwọ́ ni, ó sì mu ún tán.

Ní ìsinmi yẹn náà ni wọ́n tọrọ Ẹ́sítà fún un. Ọmọ ìsàlẹ̀ ìlú ni Ẹ́sítà, ọmọbìnrin gíga kan tí kì í sáré tó bá ń rìn. Ní ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, agbára ni ọkùnrin fi ń fẹ́yàwó kí ó tó kan nǹkan mìíràn. Bí ìgbà ebè bá dé lọ́dọọdún, ọkọ àfẹ́sọ́nà á kó àwọn ará ilé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ sí oko bàbá ọmọ náà, wọ́n á kọ ebè fún un láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ọ̀wẹ̀ àna la máa ń pè é. Bí Bọ̀dá Dáre ti wà ní Kàdúná, bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lọ dípò rẹ̀, Ìyé fúnra rẹ̀ ló sì ń darí oúnjẹ wọn. Á gbé gbogbo obìnrin ilé dìde, á máa tọ́ ọbẹ̀ wò, á máa sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọbẹ̀ tó ṣàn mú ọmọ òun tẹ́ lójú àna. Bàbá Ẹ́sítà náà kì í ṣe ènìyàn tó rọrùn láti tẹ́ lọ́rùn. Á máa rìn láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́, á fi ẹsẹ̀ kan ebè, á bèèrè bóyá iṣu ni wọ́n fẹ́ gbìn sí i tàbí ẹ̀pà. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún un kọ.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ìròyìn náà dé. Sámúẹ́lì ló mú un wá, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Adé, tí òun àti Bọ̀dá Dáre jọ wọ iṣẹ́ sójà, tí wọ́n sì jọ wà nínú bárékè kan náà. Nítorí pé wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé, kò gba ojúde wa. Ó gba ọ̀nà igbó lọ bá bàbá mi lóko, ó sì dúró sí ìdí igi títí bàbá mi fi rí i. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi tó sọ bó ṣe rí fún mi. Ó ní aṣọ ilé ni ọmọ náà wọ̀, kò wọ aṣọ sójà, láti ibẹ̀ ni ara òun sì ti sọ fún òun. Sámúẹ́lì ní àìsàn tó máa ń mú ọrùn le ló jà ní Kàdúná nígbà ọyẹ́, pé ó mú Dáre, pé kò pẹ́ lórí ibùsùn, pé wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀. Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, bàbá mi sì gbé ọwọ́ sókè, ó ní ó tó. Ó lọ pe Bàbá Àgbà wá sóko. Bàbá Àgbà fi ojú tó ń ṣomi yẹn wo Sámúẹ́lì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ọ̀nà igbó tó gbà wá padà, kó má jẹ́ kí Ìyé rí i. Sámúẹ́lì lọ.

Ìyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn nínú ibà tó dá a dùbúlẹ̀ nígbà náà, apá rẹ̀ ti rí tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Àwọn àgbà ilé jókòó sí ahéré wa lóko, wọ́n rò ó síwá sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò ṣí ẹnu sọ fún un. Bàbá Àgbà ní tí ó bá gbọ́ ọ báyìí, òkú méjì la máa ní. Ó ní ẹ jẹ́ kó rọra, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá, ẹ jẹ́ kí ìgbà ebè kọjá. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n wá sílé, wọ́n pe àwọn obìnrin sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pe àwa ọmọdé. Bàbá mi di etí mi mú, kò fà á, ó kàn dì í mú bẹ́ẹ̀, ó ní Bọ̀dá Dáre ti kú, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sunkún níbi tí Ìyé wà, ó ní tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo máa pa Ìyé. Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ tí kò tíì lè wẹ ara rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Mi ò bínú sí i mọ́, ṣùgbọ́n mo bínú fún ọdún púpọ̀.

Ohun tí àwọn àgbà wa ò rò ni pé ìgbà ebè ti dé tán. Bí wọn ò bá lọ sí ọ̀wẹ̀ àna, Ìyé á bèèrè ìdí. Nítorí náà wọ́n lọ. Ọkùnrin ilé wa kó ọkọ́ lé èjìká, wọ́n lọ kọ ebè fún àna òkú. Bàbá Àgbà ti lọ sọ fún bàbá Ẹ́sítà ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bò wá láṣìírí. Bàbá mi ní òun ò rí irú ọjọ́ yẹn rí. Kò sí ẹni tó kọrin. Bàbá Ẹ́sítà kò fi ẹsẹ̀ kan ebè kankan, ó kàn dúró sí etí oko, ó ń yí fìlà lọ́wọ́, ó ń sọ pé ó tó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sinmi, ó ti pọ̀ jù. Wọ́n ò lè tètè padà sílé, Ìyé á mọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí ìyá mi gbé oúnjẹ Ìyé dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán nítorí pé abọ́ gbọ́dọ̀ padà sílé lófìfo. Bàbá mi lọ bì í sẹ́yìn igi. Ìyé bèèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe wọlé pé ṣé inú àna dùn. Wọ́n ní inú rẹ̀ dùn gan-an.

Bí ìgbà ebè ti kọjá, ẹnì kan ní kí a dúró kí iṣu tuntun jáde. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ẹnì kan ní ọdún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti súnmọ́, kí a má ba ọdún jẹ́. Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn. Ìyé gbádùn, ẹran ara rẹ̀ padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Bó ti ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, á fọ irú, á sá ata gbígbẹ, á yan ẹ̀pà, á gún èlùbọ́, á di gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n kékeré, á fi aṣọ rán ẹnu rẹ̀ pa, á sì gbé e fún bàbá mi pé kó fún awakọ̀ lọ́ọ̀rì tó ń lọ sí Kàdúná. Bàbá mi á gbé e lọ. Kò lè jù ú nù, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè jẹ ẹ́. Ọkùnrin Hausa kan tó ń ta obì lẹ́bàá ọjà ló máa ń gbé e fún. Ọkùnrin náà gbà pé bàbá mi jẹ́ ẹni Ọlọ́run, tó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán á dìde, á tẹ́wọ́, á máa ṣàdúrà pé kí àwọn ọmọ ilé rẹ̀ pẹ́ láyé. Bàbá mi á dúró gba àdúrà náà tán, á wá sílé, á sọ pé Dáre ti rí irú gbà, ó kí yín o, Ìyé.

"Ṣé ó sanra?" Ìyé á bèèrè.

"Ó sanra, Ìyé."

Ìyé á mi orí, á padà sídìí òfì. Mo máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, mò ń ṣa ẹ̀wà tàbí mò ń bó ẹ̀gúsí, mo sì máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, olùkọ́ ìjọ tó ti máa ń dárúkọ Bọ̀dá Dáre nínú àdúrà ò mọ ohun tó máa ṣe. Kò lè gbàdúrà ààbò fún òkú, kò sì lè fo orúkọ náà níṣojú ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó wà ní ìrìn àjò, á sì wúkọ́. Ìyá mi lòdì sí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ fún bàbá mi ní ìdí ààrò pé kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀, pé obìnrin tó ti sin ọmọ rí mọ bí wọ́n ṣe ń sin ín. Bàbá mi á ní Bàbá Àgbà ní ká dúró. Ìyá mi á ní Bàbá Àgbà kọ́ ló bí Dáre. Wọ́n á dákẹ́ tí wọ́n bá rí mi.

Ẹ́sítà ló ń dùn mí jù. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìyàwó àfẹ́sọ́nà máa ń wá ṣiṣẹ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀, Ẹ́sítà sì máa ń gbé igi wá ní gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Wọ́n ti sọ fún un, wọ́n sì ti ní kó máa wá, kó máa rẹ́rìn-ín. Á sọ igi kalẹ̀, á kúnlẹ̀, Ìyé á kí i pé okun o, bí àwa ará ibẹ̀ ṣe máa ń kíra, á bi í bóyá ó ti gbọ́ ìròyìn ọkọ rẹ̀, Ẹ́sítà á ní wọ́n ń ṣe dáadáa. Ojú rẹ̀ ń rù bí oṣù ṣe ń kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, àwọn kan ti ń pọn ọmọ. Tíṣà kan láti Mópà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bàbá Ẹ́sítà sì fẹ́ fi í fún un, ṣùgbọ́n ta ló máa gba ẹlòmíràn sílé nígbà tí ọkọ àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè lẹ́nu ìyá rẹ̀? Títí Ìyé á fi gbọ́, Ẹ́sítà ò lè lọ. Tíṣà náà ní òun á dúró di ìgbà ebè, lẹ́yìn ìyẹn òun á wá ibòmíràn. Gbogbo ilé mọ̀, a ń wo ojú ara wa, a sì ń wo Bàbá Àgbà, Bàbá Àgbà sì ń wo ilẹ̀.

Báyìí ni ìgbà ebè tún yí dé. Wọ́n ti pọ́n ọkọ́, wọ́n ti pe àwọn ẹgbẹ́, ọ̀wẹ̀ àna di ọ̀la. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ẹ́sítà gbé igi wá. Èmi àti Ìyé nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyé ṣẹ̀ṣẹ̀ gé aṣọ kúrò lórí òfì, aṣọ aláró tó ní ìlà funfun, ó ká a sórí itan rẹ̀, ó sì ń ṣa òwú tó yọ lára rẹ̀. Nígbà tí Ẹ́sítà kúnlẹ̀, Ìyé ò bi í léèrè ìròyìn. Ó na aṣọ náà sí i.

"Gbà. Wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ọkọ rẹ."

Ẹ́sítà rín ẹ̀rín tí wọ́n ní kó máa rín. "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, Ìyé. Títí wọ́n á fi dé."

"Má purọ́ mọ́, ọmọ mi," Ìyé wí. "Ó ti rẹ̀ ọ́."

Mo gbọ́ ọ, mi ò sì lè gbé ojú sókè kúrò nínú abọ́ ẹ̀wà. Ẹ́sítà dojú bo ilẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, èjìká rẹ̀ ń mì, Ìyé sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn bí ènìyàn ṣe máa ń gbé ọwọ́ lé ọmọ tó ń wúkọ́. Òun kò sunkún. Ó dúró títí ẹkún Ẹ́sítà fi rọlẹ̀, ó wá bi í léèrè bóyá ọkùnrin Mópà yẹn jẹ́ ènìyàn dáadáa. Ẹ́sítà ní ènìyàn dáadáa ni. Ìyé ní kó lọ bá a, kó má wo ẹ̀yìn, ó ní òun fúnra òun á bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀. Ẹ́sítà gba aṣọ náà. Bó ṣe ń jáde lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rí i tó ń sáré. Ìyé wò mí, ó ní ẹ̀wà tí mò ń ṣa, òkúta ni mò ń kó sínú rẹ̀ padà. Òótọ́ ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ́ ọn lára láti máa pa nǹkan mọ́ra. Ní òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin pé sí ojúde, ọkọ́ wà léjìká wọn, àwọn obìnrin ti gbé iṣu kaná. Bàbá mi ń ka orí wọn. Ìyé jáde sí ẹnu ọ̀nà, kò wé gèlè, irun funfun rẹ̀ sì wà níta níwájú gbogbo ènìyàn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀," ó wí. "Ẹ ti ṣe tó fún un. Ẹ lọ sinmi."

Bàbá Àgbà dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ní Ìyé, ẹ jẹ́ kó rọra. Ìyé ní ó ti rọra tó, ó ti rọra fún odidi ọdún kan. Bàbá mi bi í léèrè, ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn àgbàlagbà mọ́, pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Ìyé ní òun ni òun bí i. Ó ní òun ti mọ̀ kí ìgbà ebè èṣí tó dé, pé òun ń retí kí wọ́n wá sọ ọ́, nígbà tí wọn ò sì sọ ọ́, òun rò pé àwọn ni wọn ò lè gbé e, pé kí òun má fi ẹkún òun kún un fún wọn. Ó ní òun ń rí bí ó ṣe ń rẹ̀ wọ́n, gbogbo ìgbà tí òun bá sì gbé agbọ̀n fún wọn ni òun ń rò pé wọ́n á sọ ọ́. Bàbá mi sọ ọkọ́ nù, ó jókòó sórí ilẹ̀ níbi tó wà, láàárín ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó ti bí ọmọ ni. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọkọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyé jẹ́ kó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tó fẹ́ mọ̀.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Bàbá mi nu ojú, ó wo Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìyé bèèrè bóyá ó jẹun kó tó kú, bóyá ó pe ẹnikẹ́ni, bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí àwọn àjèjì ló yí i ká. Kò sí ẹni tó mọ̀. A ti fi odidi ọdún kan bo ikú náà mọ́lẹ̀, a ti gbé agbọ̀n oúnjẹ fún àjèjì nítorí rẹ̀, a ti ṣiṣẹ́ àna nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó bèèrè bí Bọ̀dá Dáre ṣe kú. Ọ̀nà igbó ni wọ́n tètè fi han ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Mo ti rò ó títí mo fi darúgbó, mi ò sì rí ohun tó burú ju ìyẹn nínú gbogbo ohun tí ilé wa ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ìyé ní kí wọ́n lọ bèèrè. Bàbá mi wọ ẹ̀wù, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì mú ọ̀nà Ẹ̀kìnrìn-Adé pọ̀n láìmu ẹ̀kọ. Sámúẹ́lì ti fi iṣẹ́ sójà sílẹ̀ nígbà náà, ó ń dáko kọfí bàbá rẹ̀. Wọ́n ní bó ti rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, kò bèèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, ó kàn lọ fọ ẹsẹ̀. Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un dé. Àwọn obìnrin ti sọ iṣu ọ̀wẹ̀ kalẹ̀ lórí iná, kò sí ẹni tó gún un. Gbogbo ilé jókòó sí ojúde, Bàbá Àgbà pàápàá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti fún Ìyé ní àpótí rẹ̀. Sámúẹ́lì dọ̀bálẹ̀, Ìyé ní kó dìde, ó ní kó súnmọ́ òun. Ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe bèèrè lọ́wọ́ wa láàárọ̀.

Sámúẹ́lì ní òun ti ń retí láti ọdún tó kọjá pé kí ẹnì kan pe òun. Ó ní Dáre kò dá wà. Ó ní wọ́n ò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun wọlé tọ̀ ọ́ nítorí pé àìsàn náà ń ràn, òun bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà. Ó ní ọrùn ń dùn ún, ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún lójú, pé tó bá ti sọ̀rọ̀, èdè ilé ló ń sọ, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ò sì gbọ́ ọ, àfi òun.

"Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, Ìyé," ó wí. "Òtútù pọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Mo gbé omi kaná. Omi gbígbóná ni mo fi wẹ̀ ẹ́."

Ìyé nawọ́, ó di ọwọ́ Sámúẹ́lì méjèèjì mú, ó yí wọn padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní ó ṣeun. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú rẹ̀ lé ọwọ́ náà, ó sì sunkún, a sì jẹ́ kó sunkún.